Agogo tí Ó Ga Ju Ilé Lọ

Láti nǹkan bí ọdún márùndínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn ni mo ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní iṣẹ́ lámèyítọ́ ní yunifásítì. Ohun kan wà tí n kì í jẹ́ kí wọ́n gbàgbé: kí a tó dá iṣẹ́ ọnà kan lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wádìí irú òṣùwọ̀n tí oníṣọ̀nà fi wọn iṣẹ́ rẹ̀. Bí ẹnì kan bá fi ìgò epo wọn àgbàdo, tí ó wá ń pariwo pé àgbàdo náà kò pé, àléébù kò sí lára àgbàdo. Ẹ̀kọ́ yìí ti yọ̀ mọ́ mi lẹ́nu, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń tipa rẹ̀ gba owó oṣù. Síbẹ̀, mo ti rú òfin náà rí, níwájú àgbà kan tí ó tọ́ mi dàgbà, lórí iṣẹ́ ọwọ́ kan tí kò sí mọ́ lónìí. Àròkọ yìí jẹ́ àtúnyẹ̀wò ìdájọ́ tí mo dá ní ọjọ́ náà.

Àgbà tí mo ń wí ni àbúrò bàbá mi, ẹni tí gbogbo àwa ọmọ ilé ń pè ní Bàbá Kékeré. Ọmọ Ìgbárùkù ni wọ́n, ní ilẹ̀ Yàgbà, láàárín àwa ará Òkun. Ṣùgbọ́n ẹnu iṣẹ́ rélùwéè ni wọ́n ti lo èyí tí ó pọ̀ jù nínú ayé wọn, ní àwọn ibùdókọ̀ tí ó wà láàárín Ọ̀fà àti Jẹ́bà. Wọn kì í ṣe awakọ̀, wọn kì í sì í ṣe ọ̀gá ibùdókọ̀. Iṣẹ́ tiwọn ni láti yí irin padà kí ọkọ̀ lè ti ojú irin kan bọ́ sí òmíràn, láti gbé apá àmì sókè tàbí kí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀, láti na àsíá, àti láti lu agogo nígbà tí ìròyìn bá dé pé ọkọ̀ ti gbéra ní ibùdókọ̀ kejì. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì ní àárín àwọn ọdún 1980, wọ́n padà sí Ìgbárùkù, wọ́n gbé tábìlì gígùn kan sí iyàrá ẹ̀yìn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin ní kékeré sí orí rẹ̀.

Kò sí ohun kan lórí tábìlì náà tí a rà ní ọjà nítorí rẹ̀. Irin agboòrùn tí ó ti bàjẹ́ ni wọ́n fi ṣe ojú irin. Ọparun tí wọ́n là wẹ́wẹ́ ni igi ìdábùú tí ojú irin sùn lé. Agolo mílíìkì ni orí ọkọ̀, agolo sàdíìnì ni àwọn ìtẹ̀lé rẹ̀, ìdérí ìgò sì ni ẹsẹ̀ wọn. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ òkè, kànrìnkànrìn gbígbẹ ni wọ́n fi ṣe igbó. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń fa ọkọ̀ láti ibùdókọ̀ kan dé èkejì. Ibùdókọ̀ mẹ́rin ni ó wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní pátákó orúkọ tirẹ̀. Mo mọ mẹ́ta nínú wọn: Ọ̀fà, Ìlọrin, Jẹ́bà. Lára pátákó kẹrin, ní ìpẹ̀kun tábìlì, ni wọ́n kọ Ìgbárùkù sí.

Ní ọdún 1997 mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìlú òyìnbó dé, níbi tí mo ti lo ọdún kan nídìí ẹ̀kọ́. Mo ti rí ọkọ̀ ojú irin kékeré ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀, mo sì rò pé ojú mi ti là. Ní ọjọ́ Kérésìmesì mo dúró ti tábìlì Bàbá Kékeré, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú iṣẹ́ àgbà palẹ̀ bí ẹni tí ń yẹ ìwé akẹ́kọ̀ọ́ wò. Mo ní, “Bàbá Kékeré, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣùgbọ́n agogo ibùdókọ̀ yín yìí ga ju ilé lọ. Ọkùnrin tí ó di àsíá mú yìí tóbi ju orí ọkọ̀ lọ. Ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé ọkọ̀ ojú irin kò dé Ìgbárùkù rí.” Wọ́n wò mí, wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Wọ́n ní, “Ojú ni ìwọ fi wọ̀n ọ́n. Etí ni èmi fi wọ̀n ọ́n.” Lẹ́yìn èyí wọ́n ní kí n wá jókòó kí n jẹun.

Àwàdà àgbà ni mo pe èsì náà. N kò kọ ọ́ sílẹ̀, n kò sì bi wọ́n ní ìbéèrè kejì.

Kí òǹkàwé lè mọ ibi tí mo ti gbé òṣùwọ̀n tèmi wá, ó yẹ kí n sọ díẹ̀ nípa iṣẹ́ yìí ní ilẹ̀ Yúróòpù, níbi tí ó ti gbilẹ̀. Ohun ìṣeré ọmọdé ni ó jẹ́ níbẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1891, ilé iṣẹ́ Märklin ti ilẹ̀ Jámánì kó ọkọ̀ ojú irin ìṣeré lọ sí ọjà ńlá ìlú Leipzig, wọ́n sì fi nọ́ńbà pín ìbú ojú irin wọn sí ìsọ̀rí, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó ra ọkọ̀ lónìí lè ra irin kún un lọ́la. Ní ọdún 1920, Frank Hornby bẹ̀rẹ̀ sí í ta tirẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ó yá, àwọn àgbà gba ohun ìṣeré náà lọ́wọ́ àwọn ọmọ. Ohun tí ó kàn jọ ọkọ̀ kò tó wọn mọ́. Ọkọ̀ gan-an ni wọ́n ń fẹ́, kí ó ṣáà ti kéré. Ìdá kan nínú 87 ni òṣùwọ̀n tí ó wọ́pọ̀ jù lọ lágbàáyé, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ràn nǹkan bí ìdá kan nínú 76. Èyí túmọ̀ sí pé ènìyàn tí ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà yóò di ohun tí kò ju mìlímítà 21 lọ bí a bá pín gíga rẹ̀ sí ọ̀nà 87. Ẹni tí ó bá ń ṣe é tọkàntọkàn a máa ka iye ìṣó tí ó wà lára ọkọ̀ gidi kí ó tó ṣe kékeré rẹ̀, a sì máa fi búrọ́ṣì tín-ín-rín kun ìpẹtà sí ẹ̀gbẹ́ irin tí kò tíì pẹtà.

Ibi tí mo ti rí iṣẹ́ yìí ní gíga rẹ̀ ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Pendon, ní abúlé Long Wittenham. Roye England, ọmọ ilẹ̀ Ọsirélíà, ni ó dá a sílẹ̀ ní ọdún 1954. Ní ọdún 1925 ni ọkùnrin yìí dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì rí i pé àwọn ilé àtijọ́ tí a fi koríko bò, ní agbègbè tí wọ́n ń pè ní Vale of White Horse, ti ń pòórá lọ́kọ̀ọ̀kan. Agbára rẹ̀ kò ká a láti dá ayé dúró. Ó pinnu pé òun yóò kọ́ agbègbè náà ní kékeré, bí ó ti rí ní ìgbà náà, ní ìdá kan nínú 76, tòun ti ọkọ̀ ojú irin tí ń gba ibẹ̀ kọjá. Òun àti àwọn tí ó dara pọ̀ mọ́ ọn a máa lọ sí ìdí ilé gidi, wọn a wọ̀n ọ́n, wọn a ya fọ́tò rẹ̀, kí wọ́n tó padà sílé lọ fi páálí àti ọ̀dà kọ́ ọ. Ilé kan ṣoṣo lè gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ oṣù. Mo gbà nígbà náà, mo sì gbà di òní, pé iṣẹ́ ọnà ńlá ni. Òṣùwọ̀n ibẹ̀ ni mo gbé sápò wá sí Ìgbárùkù.

Lẹ́yìn ikú Bàbá Kékeré ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ara balẹ̀ yẹ òṣùwọ̀n náà fúnra rẹ̀ wò. Ìbú ojú irin gidi ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ mìlímítà 1,435. Bí a bá pín in sí ọ̀nà 76, ó yẹ kí ojú irin kékeré fẹ̀ ní nǹkan bí mìlímítà 19. Àmọ́ mìlímítà 16.5 ni èyí tí ó wọ́pọ̀ ní ìsọ̀, òun sì ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn ń lò. Kí ni ó fà á? Orí ọkọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì kéré ju ti àwọn ará Yúróòpù yòókù lọ, ẹ́ńjìnnì kékeré tí ó wà ní ìgbà náà kò sì lè wọ inú rẹ̀ bí a bá fi ìdá kan nínú 87 ṣe é. Wọ́n bá mú ara ọkọ̀ tóbi díẹ̀, wọ́n sì fi ojú irin sílẹ̀ bí ó ti wà. Láti ìgbà náà ni ọkọ̀ wọn ti ń rìn lórí irin tí kò fẹ̀ tó o. Àwọn tí ojú wọn kò gba èyí ti ṣe ojú irin tí ó fẹ̀ bí ó ti yẹ, ṣùgbọ́n wọn kò pọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a tún wo ọ̀rọ̀ gígùn. Láti Èkó dé Kánò lójú irin lé ní 1,100 kìlómítà. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ ọ ní ìdá kan nínú 87 láìyọ ohunkóhun kúrò yóò nílò iyàrá tí ó gùn ju kìlómítà 12 lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni títẹ̀ ojú irin. Ibi tí irin gidi ti ń yí díẹ̀díẹ̀, tí èrò inú ọkọ̀ kò tilẹ̀ ní mọ̀, inú ilé ni a óò ti ká a kọ́ro bí ìwọ̀ ìpẹja kí ó má baà já lu ògiri. Gbogbo ẹni tí ó ń ṣe iṣẹ́ yìí ni ó ń gé, tí ó ń yọ, tí ó sì ń yàn. Ní Pendon kan náà ni wọ́n ti ń tọ́jú iṣẹ́ John Ahern tí ó ń jẹ́ Madder Valley, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ọdún 1930. Kò sí àfonífojì tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ahern ni ó ro ó, tí ó fún ìlú àti ibùdókọ̀ ibẹ̀ lórúkọ, tí ó sì kọ́ ilé àti òpópónà wọn pẹ̀lú ìfarabalẹ̀. Àwọn onímọ̀ iṣẹ́ náà ń yìn ín títí di òní, wọn kò sì dá a lẹ́bi pé ọkọ̀ rẹ̀ dé ibi tí kò sí. Mo ti dúró níwájú iṣẹ́ Ahern, mo ti yìn ín. Mo wá dé Ìgbárùkù, mo sọ fún bàbá mi pé ọkọ̀ kò dé ìlú wọn rí.

Ọ̀rọ̀ náà wá tún burú sí i nítorí pé ẹ̀kọ́ tí ó yẹ kí ó là mí lójú wà nílé. Àwọn onímọ̀ kan ṣàlàyé pé “à-wò-rántí” ni ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ wa “àwòrán”: ohun tí a ń wò kí a lè fi rántí. Nínú ère ìbílẹ̀ wa, orí a máa gba ìdá kan nínú mẹ́rin gíga ara, nígbà mìíràn ìdá kan nínú mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ sì ni orí àgbàlagbà gidi kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú méje lọ. Agbẹ́gilére tí ó gbẹ́ ère ìbejì kò ṣàìmọ bí orí ènìyàn ti tó. Òun fúnra rẹ̀ gbé ọ̀kan sí ọrùn. Orí ni a gbà pé ìpín ènìyàn wà, nítorí náà orí ni ó kọ́kọ́ fún ní àyè, kí ó tó pín èyí tí ó kù fún ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Ìwọ̀n wà níbẹ̀, òfin sì wà níbẹ̀. Ìjìnlẹ̀ ohun tí nǹkan jẹ́ sí wa ni wọ́n fi ń wọ̀n.

Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ sún mọ́ ọ̀rọ̀ wa jù lọ ni Thomas Ona Odulate, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, tí ó ṣiṣẹ́ ní Èkó ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún ogún. Àwọn òyìnbó amúnisìn àti àwọn aláṣẹ ìgbà náà ni ó ń fi igi gbẹ́ ní kékeré, tàdáwà dúdú àti pupa ni ó sì fi ń kùn wọ́n, pẹ̀lú ọ̀dà funfun tí a fi ń kun bàtà. Orí àwọn ère rẹ̀ tóbi, ẹsẹ̀ wọn kúrú, bí ti ère ìbílẹ̀. Ṣùgbọ́n agboòrùn, ọ̀pá ìtilẹ̀ àti fìlà wọn péye dé ibi pé a lè mọ ipò ẹni tí ó ni wọ́n. Ọ̀pọ̀ òyìnbó tí ó rí wọn gbà pé ẹ̀fẹ̀ ni ó ń fi wọ́n ṣe. William Bascom, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà tí ó mọ ilẹ̀ Yorùbá dáadáa, gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ kan ní ọdún 1957. Ona fúnra rẹ̀ ti fèsì pé ayé bí òun ti rí i ní àyíká òun ni òun ń gbẹ́. Àwọn tí ó rò pé ẹ̀fẹ̀ ni, rúlà tiwọn ni wọ́n gbé lé iṣẹ́ rẹ̀.

Òun nìkan kọ́. Justus Akérédolú ti ìlú Ọ̀wọ̀, ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọnà ẹ̀gún gbígbẹ́ ní àwọn ọdún 1930, àti àwọn tí ó kọ́ iṣẹ́ náà lẹ́yìn rẹ̀, fi ẹ̀gún ara igi gbẹ́ obìnrin tí ń gúnyán, adẹ́mu lórí ọ̀pẹ, àti àwọn tí ń wa ọkọ̀ ojú omi, gbogbo rẹ̀ ní ìwọ̀n ìka ọwọ́. Kò sì sí ọmọ Yàgbà tí ó jẹ́ ẹgbẹ́ mi tí kò fi pòpórò ọkà bàbà ṣe mọ́tò rí. Mo rántí pé iná iwájú mọ́tò tiwa a máa tóbi ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Ní abúlé tí kò sí iná mànàmáná, iná mọ́tò ni a máa ń kọ́kọ́ rí ní òkèèrè lálẹ́ kí mọ́tò fúnra rẹ̀ tó dé.

Pẹ̀lú gbogbo èyí lọ́kàn, mo padà síwájú tábìlì Bàbá Kékeré, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ìrántí nìkan ni mo ti lè dúró tì í. Ẹ wo ọ̀nà tí wọ́n ti ṣiṣẹ́. Láti Ìddó ni ìjọba amúnisìn ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ ojú irin náà ní ọdún 1896. Ó dé Ìbàdàn ní ọdún 1900, ó dé Ìlọrin ní 1908, ó sì dé Jẹ́bà ní 1909. Afárá odò Ọya ní Jẹ́bà parí ní 1916. Ìbú ojú irin rẹ̀ kò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta ààbọ̀ lọ, èyí tí í ṣe mìlímítà 1,067. Pàtàkì jù lọ ni pé, yàtọ̀ sí inú ibùdókọ̀, ojú kan ṣoṣo ni ó ní: èyí tí ń lọ àti èyí tí ń bọ̀, irin kan náà ni wọ́n ń gbà. Bí ọkọ̀ kan bá gbéra ní ibùdókọ̀ yìí láìjẹ́ pé ibùdókọ̀ kejì gbà á láyè, kò sí ibi tí ọkọ̀ méjèèjì yóò yà sí kí wọ́n tó kọ lu ara wọn. Ẹ̀mí gbogbo èrò inú ọkọ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tí ó dúró ti irin, tí ó ń tẹ́tí sílẹ̀ lóru.

Nítorí náà ni agogo ṣe ga ju ilé lọ. Ilé wulẹ̀ jẹ́ ibi tí ọ̀gá ń jókòó sí. Ìgbọ́ràn sí agogo ni kò jẹ́ kí ènìyàn kú. Ọkùnrin tí ó di àsíá mú tóbi ju orí ọkọ̀ lọ nítorí pé bí ó bá na àsíá pupa, ọkọ̀ tòun ti ooru àti èéfín rẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró. Gbogbo ohun tí mo kà sí àṣìṣe ni ó tẹ̀ lé òfin kan ṣoṣo. Ìbéèrè tí ó yẹ kí lámèyítọ́ bi iṣẹ́ kékeré kan ni pé: nígbà tí oníṣọ̀nà ń gé, tí ó ń yọ, kí ni ó kọ̀ láti dín kù? Roye England kọ̀ láti dín ilé koríko kù. Ona kọ̀ láti dín orí àti àmì oyè kù. Bàbá Kékeré kọ̀ láti dín iṣẹ́ ẹni tí ń ṣọ́nà kù.

Ti ibùdókọ̀ Ìgbárùkù ńkọ́? Nígbà tí mo ń ro ibùdókọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́kọ̀ọ̀kan ni ó dà bí ẹni pé mo rí i pé ẹ̀kẹrin kò ní agogo. Ilé kékeré wà níbẹ̀, pátákó orúkọ wà, àwọn ènìyàn amọ̀ kan tí wọ́n gbé ẹrù lé orí wà níbẹ̀ tí wọ́n ń retí ọkọ̀. N kò gbẹ́kẹ̀ lé ojú ara mi mọ́, mo bá lọ bi ọmọ wọn obìnrin, ẹni tí ó máa ń gbá iyàrá náà nígbà èwe rẹ̀. Ó ní òótọ́ ni. Ó ní òun bi bàbá òun léèrè rí ìdí tí ti Ìgbárùkù kò fi ní agogo, wọ́n sì ní, “Ta ni ó gbọ́ ọ rí?” Oníṣọ̀nà tí mo fẹ̀sùn irọ́ kàn ti ṣọ́ra ju èmi lọ. Wọ́n jẹ́ kí ọkọ̀ dé ìlú wọn, nítorí pé ìfẹ́ gbé e dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn kò fún un ní agogo, nítorí pé etí wọn kò gbọ́ ọ níbẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé nítorí pé ó jẹ́ bàbá mi ni mo ṣe ń yìn ín láìsọ àléébù. Àléébù wà nínú iṣẹ́ náà, mo sì lè fi òṣùwọ̀n tiwọn gan-an sọ ọ́. Pákó pẹlẹbẹ kan ni wọ́n fi ṣe afárá Jẹ́bà, wọ́n dábùú rẹ̀ lórí àwo omi, ó parí. Ẹni tí ó bá ti gba orí afárá náà kọjá nínú ọkọ̀ mọ̀ pé ìró irin ibẹ̀ kì í tètè kúrò létí. Bí etí bá ni òṣùwọ̀n, ó yẹ kí afárá wà lára ohun tí ó tóbi jù lórí tábìlì. Mo rò pé ibùdókọ̀ ni wọ́n mọ̀ délédélé. Ibi tí wọn kò dúró ṣiṣẹ́, iṣẹ́ wọn kò jinlẹ̀ níbẹ̀. Bákan náà, ìbú ojú irin wọn kò dọ́gba láti ibìkan dé ibòmíràn, nígbàkigbà tí ọkọ̀ bá sì dé ibi tí irin ti yí lẹ́yìn Ìlọrin, a máa yẹ̀ ṣubú. Rúlà kan ṣoṣo ì bá tún èyí ṣe, kò sì ní pa agogo lára.

Àléébù tí ó tóbi jù kì í ṣe tiwọn. Bàbá Kékeré kú ní ọdún 2009. Kí a tó sin òkú, a nílò iyàrá ẹ̀yìn fún àlejò, àwọn ọ̀dọ́ ilé sì kó ohun tí ó wà lórí tábìlì jáde. Amọ̀ padà sí ilẹ̀. Agolo àti irin agboòrùn di ti àwọn tí ń ra irin àlòkù. N kò bínú sí ẹnikẹ́ni, nítorí kò sí ẹni tí ó sọ fún wọn pé iṣẹ́ ọnà ni. Èmi ni ó yẹ kí n sọ ọ́. Èmi tí mo ní kámẹ́rà, tí mo mọ orúkọ Thomas Ona, tí mo sanwó ọkọ̀ lọ wo ilé páálí àwọn Gẹ̀ẹ́sì, n kò ya fọ́tò kan ṣoṣo, n kò sì fi téèpù kan ohunkóhun lórí tábìlì náà. A máa ń fẹ́ràn láti sọ pé ìrántí ni agbára àwa Yorùbá, pé kíkọ sílẹ̀ àti wíwọ̀n jẹ́ ti àwọn ẹlòmíràn. Mo ti sọ bẹ́ẹ̀ rí ní kíláàsì. Ìrántí ọmọ wọn àti tèmi ni ó kù nínú iṣẹ́ ogún ọdún ó lé, àwa méjèèjì sì ti ń dàgbà.

Ọ̀rọ̀ náà kan ìta pẹ̀lú. Àwọn ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin tí ìjọba ṣí fún èrò ní àwọn ọdún tí ó kọjá, Àbújá sí Kàdúná ní 2016, Itakpe sí Wàrí ní 2020, Èkó sí Ìbàdàn ní 2021, mìlímítà 1,435 ni ìbú ojú irin wọn. Iṣẹ́ ọ̀nà ti Itakpe bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1987, ní ìgbà tí Bàbá Kékeré ń là ọparun fún tiwọn, ó sì fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n dé ọ̀dọ̀ èrò. Ọkọ̀ ojú irin ti wọ ìpínlẹ̀ Kogí báyìí, bí kò tilẹ̀ dé Ìgbárùkù. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó yí irin tí ó sì lu agogo lórí ojú irin àtijọ́, onímìlímítà 1,067, kò pọ̀ láyé mọ́, àwọn ibùdókọ̀ tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ kò sì ní dúró títí láé.

Ìmọ̀ràn mi fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, àti fún ẹnikẹ́ni tí ọwọ́ rẹ̀ bá mọ iṣẹ́, ni pé kí wọ́n yan ibùdókọ̀ kan ṣoṣo kí wọ́n sì kọ́ ọ ní kékeré sínú ilé. Bí wọ́n bá yàn láti lo ìdá kan nínú 87, ojú irin onímìlímítà 12 ni kí wọ́n wá, nítorí òun ni ó bá mìlímítà 1,067 mu. Kí wọ́n má ra ti Gẹ̀ẹ́sì. Kí wọ́n mú téèpù lọ wọn ilé, pèpéle àti ojú irin, kí wọ́n kọ ohun gbogbo sílẹ̀. Lẹ́yìn náà kí wọ́n wá àgbà kan tí ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kí wọ́n bi í pé èwo ni ó tóbi jù nínú gbogbo rẹ̀. Kí wọ́n kọ èsì rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ti téèpù, kí wọ́n sì jẹ́ kí méjèèjì wà.

Èmi náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún Àjíǹde tí ó kọjá, mo ní kí ọmọ Bàbá Kékeré dúró ti tábìlì náà, èyí tí wọ́n ń to abọ́ sí báyìí, kí ó fi ọwọ́ hàn mí bí agogo ibùdókọ̀ Ìlọrin ti ga tó. Ó na ọwọ́, ó rò ó díẹ̀, ó gbé e sókè sí i. Mo fi téèpù wọn ibi tí ọwọ́ rẹ̀ dúró sí: íńṣì 7. Mo ní kí ó fi ilé hàn mí pẹ̀lú: íńṣì 5. Mo ti kọ wọ́n sílẹ̀.